Kí ló dé tí García fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Spéìn, ibo sì ni orúkọ náà ti ṣẹ̀?

Ará Valencia

Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ará. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ní ìlú Valencia, ní orílẹ̀-èdè Spéìn, ọ̀rọ̀ kan sì ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ní ẹnu ọ̀nà ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí à ń gbé, àpótí lẹ́tà méjìdínlógún ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, orúkọ ìdílé méjì méjì ni ó sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé báyìí ni àwọn ará ibí ṣe ń jẹ́ orúkọ: ti bàbá ni ó sábà máa ń ṣáájú, ti ìyá ni yóò tẹ̀ lé e. Lánàá ni mo dúró kà wọ́n dáadáa. García López wà ní ìsàlẹ̀, Pérez García wà ní òkè kìíní, Ruiz García wà ní òkè kẹta, nígbà tí ó sì kan òkè pátápátá, García García ni ti bàbá àgbàlagbà tí mo máa ń bá gbé àpò ọjà gun àtẹ̀gùn. Mo bi í bóyá ẹbí ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní agbègbè Albacete ni bàbá òun ti wá, Murcia ni ìyá òun ti wá, àwọn méjèèjì kò sì mọ ara wọn rí kí wọ́n tó pàdé níbi iṣẹ́ ní Valencia.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé agboolé kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn García ti ṣẹ̀ wá, tí wọ́n wá ń bí sí i títí wọ́n fi kún ilẹ̀? Kí sì ni ìtumọ̀ orúkọ náà? Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ àwọn Júù ni, ẹlòmíràn ní orúkọ ẹyẹ ni. Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè, n ó sọ ọ́ tí ó bá yá.

Atọ́pinpin

Agboolé kan kọ́, Ará Valencia. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé García kì í ṣe orúkọ ìdílé ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ àbísọ ni, tí a fi ń sọ ọmọ lọ́jọ́ ìrìbọmi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ ní Àjàyí, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé gbogbo ẹni tí ń jẹ́ Àjàyí lónìí ni ó jáde láti ilé kan náà. Ní àríwá Spéìn, ní ẹsẹ̀ òkè Pyrenees, ni orúkọ náà ti gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, àwọn ọba Pamplona, tí a wá ń pè ní ọba Navarra lẹ́yìn náà, sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ọba wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ara wọn ni a ti lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Sancho Garcés, èyí tí ó túmọ̀ sí Sancho ọmọ García, jọba láti 905 títí di 925. Ọmọ rẹ̀ ni García Sánchez, ìyẹn García ọmọ Sancho, tí ó wà lórí oyè títí di 970. Ọmọ tìyẹn tún ni Sancho Garcés kejì, ẹni tí ó bí García Sánchez kejì, ẹni tí ó bí Sancho Garcés kẹta tí wọ́n ń pè ní Sancho Ńlá, tí ó wàjà ní 1035, ẹni tí ó bí García Sánchez kẹta tí wọ́n pa lójú ogun Atapuerca ní 1054. Orúkọ bàbá àgbà ni wọ́n ń fún ọmọ-ọmọ, ìdí nìyí tí orúkọ méjèèjì fi ń gba iwájú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn.

Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé orúkọ kejì ń yí padà láti orí ìran kan sí èkejì. Kò tíì di orúkọ ìdílé nígbà náà. Àárín ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan, tí ọmọ García kan ń jẹ́ García, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà sì ń jẹ́ ẹ láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fi orúkọ yìí pè. Ìwé ni ó sì so ó mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Nígbà tí ìpàdé ńlá ìjọ Àgùdà ní Trent parí ní 1563, ó ti di dandan kí àlùfáà máa kọ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó sílẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Síbẹ̀, kò yá kánkán bí ẹ ti lè rò. Òǹkọ̀wé tí ayé mọ̀ sí Inca Garcilaso de la Vega, tí wọ́n bí ní Cuzco, ní ilẹ̀ Peru, ní 1539, Gómez Suárez de Figueroa ni wọ́n sọ ọ́ níbi ìrìbọmi. Ó ti dàgbà kí ó tó lọ mú orúkọ bàbá rẹ̀. Garcilaso yìí pàápàá, García ni ó wà nínú rẹ̀: Garci Laso ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ó tó lẹ̀ pọ̀.

Alámì-ohùn

Atọ́pinpin ti sọ ojú abẹ níkòó, mo kàn fẹ́ fi ti èdè kún un. Ez tí ó máa ń wà nídìí orúkọ àwọn ará Spéìn ni ó dúró fún “ọmọ”. Fernández ni ọmọ Fernando, Martínez ni ọmọ Martín, Sánchez ni ọmọ Sancho, Rodríguez sì ni ọmọ Rodrigo. Nísinsìnyí, ẹ wo orúkọ ìdílé mẹ́wàá tí ó pọ̀ jù lọ ní Spéìn bí INE, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè náà, ti tò wọ́n: García, Rodríguez, González, Fernández, López, Martínez, Sánchez, Pérez, Gómez, Martín. Mẹ́jọ nínú wọn ni ó ní ez. Méjì tí kò ní, orúkọ àbísọ lásán ni wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò so ìrù mọ́. Garcés tí ó ní ìrù ṣì wà o, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ García. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ García lè jẹ́ Pedro Garcés, ó sì lè jẹ́ Pedro García láìṣe àfikún kankan, èyí kejì ni ó sì gbayì jù.

Ní ti ìtumọ̀, inú èdè Basque ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti wá, èdè tí kò bá Látìn tan rárá, tí wọ́n sì ti ń sọ ní agbègbè Pyrenees kí àwọn ará Róòmù tó débẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ náà pín sí. Àwọn kan ní hartz ni, èyí tí í ṣe ẹranko béárì; àwọn kejì ní gazte ni, ìyẹn ọ̀dọ́. Ẹ̀yìn béárì ni èmi wà, nítorí pé lára àwọn òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ Látìn sí ní Aquitania, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, a rí orúkọ ènìyàn bíi Harsi, ó sì jọ pé àwọn ará àtijọ́ kì í bẹ̀rù àtifi ẹranko alágbára sọ ọmọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀ ni lẹ́tà g tí ó wà níwájú García, tí hartz kò ní. Garsea ni ó máa ń jẹ́ nínú ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi Látìn kọ, Gartzia sì ni àwọn Basque ń kọ lónìí.

Ti ẹyẹ tí ẹ gbọ́ yẹn, garza ni wọ́n ń sọ, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí ó bá lékeléke tan. Àwọn tí ń ya àmì ìdílé fún àwọn ọlọ́lá ni wọ́n fi í sí ara àmì àwọn García kan nítorí pé ìró ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra. Orúkọ ni ó kọ́kọ́ wà, ẹyẹ ni ó wá bá a. Bí ẹnìkan bá sì ń ta páálí “àmì ìdílé García” fún yín ní ìsọ̀ àwọn àlejò, ẹ pa owó yín mọ́, nítorí pé ìran kan pàtó ni àmì wà fún ní Spéìn, kì í ṣe fún gbogbo ẹni tí ó bá ṣáà ti ń jẹ́ orúkọ náà.

Ìyá Àdúgbò

Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ti Júù wá ńkọ́? Ìwé kan wà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp nígbà kan, orúkọ ìdílé lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọmọ Júù ni, Spéìn yóò sì fún un ní ìwé ọmọ onílẹ̀.

Atọ́pinpin

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Òfin kan wà lóòótọ́, ti ọdún 2015, tí ó ṣí ọ̀nà fún ìran àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Spéìn ní 1492 láti gba ìwé ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ìbéèrè náà ní 2019. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbé ìwé orúkọ kankan jáde. Èyí tí ń kiri yẹn, àwọn aláhesọ ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀rí ìran ni wọ́n ń béèrè, orúkọ ìdílé nìkan kò sì tó.

Àwọn García kan wà tí ó jẹ́ ìran Júù, bí àwọn kan ti wà tí ó jẹ́ ìran Mùsùlùmí tí wọ́n fi tipátipá rì bọmi. Orúkọ tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n mú, tàbí ti ẹni tí ó dúró fún wọn níbi ìrìbọmi. Ẹni tí ó bá fẹ́ fara pamọ́ sáàárín ọjà, aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ ni yóò wọ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tí ó wọ́pọ̀ tó báyìí kò fi lè jẹ́rìí sí ìran ẹnikẹ́ni.

Oníṣirò

Bàbá òkè pátápátá yẹn ni mo ń rò láti òwúrọ̀. Àwọn tí García jẹ́ orúkọ ìdílé wọn àkọ́kọ́ ní Spéìn ju 1,400,000 lọ, iye tí ó sì ń jẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì kò jìnnà sí èyí. Bí a bá fi ènìyàn 48,000,000 ṣe òdiwọ̀n, ẹni mẹ́ta nínú 100 nìyẹn lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá jẹ́ pé bí ẹní ta tẹ́tẹ́ ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ ara wọn, ẹni mẹ́sàn-án nínú 10,000 ni ì bá máa jẹ́ García García, ìyẹn nǹkan bí 43,000 ní gbogbo ilẹ̀ náà. Iye tí àjọ ìṣirò kà ju 70,000 lọ.

Kí ló mú un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé ẹbí ń fẹ́ ẹbí. Orúkọ náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ bákan náà ni. Ní Galicia, Rodríguez ni ó borí. Ṣùgbọ́n ní gúúsù ìlà-oòrùn, ní Murcia àti Albacete, García pọ̀ ju ẹni mẹ́ta nínú 100 lọ dáadáa. Níbi tí García bá sì ti pọ̀ jù, dandan ni kí García máa fẹ́ García. Ẹ sì wò ó, Albacete àti Murcia gan-an ni ẹ sọ pé àwọn òbí bàbá náà ti wá.

Ará Houston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Ní Amẹ́ríkà níbí, Garcia wà ní ipò kẹjọ nínú gbogbo orúkọ ìdílé nígbà ìkànìyàn ọdún 2000, ènìyàn 858,289 ni ó ń jẹ́ ẹ. Ní 2010 ó ti bọ́ sí ipò kẹfà pẹ̀lú ènìyàn 1,166,120, àwọn tí ó sì kù níwájú rẹ̀ kò ju Smith, Johnson, Williams, Brown àti Jones lọ. Mẹ́síkò ni orírun ọ̀pọ̀ nínú wọn, níbi tí ó jẹ́ pé Hernández nìkan ni ó pọ̀ jù ú lọ.

Wàhálà tí à ń rí ni ti ètò orúkọ. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń to fáìlì, orúkọ tí ó kẹ́yìn ni a sì fi ń tò ó. Bí ọkùnrin kan bá wá tí ó ń jẹ́ García Soto, abẹ́ S ni fáìlì rẹ̀ yóò lọ. Bí ó bá padà wá lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e tí ó ní García ni òun, a ó ṣí fáìlì tuntun fún un lábẹ́ G, a ó sì tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún àyẹ̀wò tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe kan náà ni àwọn tí ń pe òǹkọ̀wé Gabriel García Márquez ní “Márquez” ń ṣe, nítorí pé García ni orúkọ bàbá rẹ̀, Márquez sì ni ti ìyá.

Ìbéèrè tèmi rèé. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Fílípìnì ni, Garcia ni ó ń jẹ́, kò sì gbọ́ èdè Spéìn rárá. Ṣé ará Spéìn ni bàbá ńlá rẹ̀ ni?

Alámì-ohùn

Kí ẹlòmíràn tó dáhùn ti Fílípìnì, mo fẹ́ kí Ará Houston mọ̀ pé àwọn ará Spéìn fúnra wọn máa ń fo orúkọ bàbá dá bí ó bá ti pọ̀ jù. García ni bàbá akéwì Federico García Lorca, ṣùgbọ́n Lorca, tí í ṣe ti ìyá, ni gbogbo ayé ń pè é. Rodríguez Zapatero tí ó ṣe olórí ìjọba di Zapatero lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ruiz sì ni bàbá ayàwòrán Picasso. Bí a bá ń wá ẹnìkan láàárín ogunlọ́gọ̀, ohun tí ó yàtọ̀ lára rẹ̀ ni a ó fi pè é.

Atọ́pinpin

Kò pọn dandan kí ọmọ Fílípìnì tí ń jẹ́ Garcia ní ẹ̀jẹ̀ Spéìn lára. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kọkànlá ọdún 1849, Narciso Clavería, gómìnà tí Spéìn fi ṣàkóso Fílípìnì nígbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, pàṣẹ pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan tí kò ní yí padà, nítorí pé àwọn agbowó-orí kò mọ ẹni tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe ìwé orúkọ ńlá kan, nǹkan bí 60,000 orúkọ ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń pín ewé rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, ní ìlú Oas ní ìpínlẹ̀ Albay, R ni orúkọ ọ̀pọ̀ ìdílé fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fi hàn pé ìdílé òun ti jẹ́ orúkọ kan fún ìran mẹ́rin, wọ́n fi í sílẹ̀ fún un.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ kò tíì kan ti àwọn ènìyàn wa. Ní Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orúkọ àwọn Potogí tí ó gba Brazil wọlé ni ó pọ̀: Cardoso, Pereira, da Silva. Ṣùgbọ́n àwọn kan padà wá láti Kúbà náà. Ẹ rántí Ilé Fernandez ní Ìta Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, tí wọ́n sì wó palẹ̀ ní 2016. Àwọn kan ní nítorí pé z ni ó kẹ́yìn rẹ̀, ti Spéìn ni. Èmi kò lè gbé ara lé z yẹn, nítorí pé àwọn Potogí àtijọ́ náà ń fi z kọ ọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ di s.

Ní Kúbà, Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Bí àlùfáà bá rì wọ́n bọmi, yóò fún wọn ní orúkọ Kristẹni kan, yóò sì fi Lucumí tì í lẹ́yìn bí ẹni pé orúkọ ìdílé ni. Báyìí ni Carlota Lucumí, ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣáájú ọ̀tẹ̀ oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas ní 1843, ṣe wọnú ìtàn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gba òmìnira, àgàgà lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní 1886, orúkọ olówó wọn ni ọ̀pọ̀ ń mú. Nítorí náà, García tí ẹ bá pàdé ní Matanzas lónìí lè jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tààrà. Nínú ìwé ìjọba nígbà náà, ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn: S.O.A. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni yìí kò ní orúkọ ìdílé mìíràn. Níbi tí gbogbo ọmọlúàbí ti ń jẹ́ orúkọ méjì, lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti sọ fún gbogbo akọ̀wé pé ọmọ ẹrú ni ó dúró síwájú wọn.

Atọ́pinpin

Ọmọ Pópó Àgùdà, ọpẹ́ ni fún ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi Kúbà kan náà so ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa mọ́ òpin. Ọba kan wà ní Pamplona ní ọ̀rúndún kẹsàn-án tí ń jẹ́ García Íñiguez. Ọ̀gágun kan tún wà nínú ogun òmìnira Kúbà, tí wọ́n bí ní Holguín ní 1839, tí ń jẹ́ Calixto García Íñiguez. Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rò pé ìran kan ni. Ti ọba, García ni wọ́n sọ ọ́, Íñiguez sì fi hàn pé Íñigo ni bàbá rẹ̀. Ti ọ̀gágun, Calixto ni wọ́n sọ ọ́, García ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀, Íñiguez ni ti ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí García gẹ́gẹ́ bí orúkọ àbísọ nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ wo Kóńgò, níbi tí ọba Nkanga a Lukeni ti fi orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ jọba láti 1641 gẹ́gẹ́ bí Garcia kejì. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ó ti dé ibẹ̀.

Ará Valencia

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Nísinsìnyí mo lè sọ ìdí tí mo fi béèrè. Ìwé ọmọ onílẹ̀ ni mo ń gbà níbí, òfin wọn sì ní ẹni tí ó bá di ọmọ Spéìn gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìdílé méjì. Orúkọ bàbá mi ni mo kọ sí àyè méjèèjì, nítorí pé òun ni ó wà nínú gbogbo ìwé ìyá mi láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Obìnrin tí ó gba fọ́ọ̀mù náà wò mí, ó ní, “Ṣé bí García García ni tiyín náà rí?” Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ohun tí ó ń sọ.

Alámì-ohùn

Orúkọ tí ìyá yín ń jẹ́ kí ó tó relé ọkọ ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin ibẹ̀ kì í fi orúkọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ. Ẹ tètè lọ tún un ṣe kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ará Valencia

Mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lálẹ́ àná. Ó kọ́kọ́ ní bàbá òun kò ní orúkọ ìdílé kankan, àgbẹ̀ ni, Òjó ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí pé ìwọ́ yí i lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i. Mo bi í pé kí ni wọ́n wá ń pe òun nílé ẹ̀kọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ wọlé, olùkọ́ bèèrè orúkọ bàbá òun, òun dáhùn, olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn orúkọ òun nínú rẹ́jísítà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe wà títí òun fi lọ sílé ọkọ. Mo ti padà síbẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun, mo sì kọ Òjó sí àyè kejì.